Ẹṣin Tí Ń Jẹ́ Àtàmúwá

“Àlùbọ́sà kẹ̀?”

Igbe náà ti bọ́ lẹ́nu Toyibat kí ó tó rántí pé inú yàrá àwọn olùkọ́ ni òun wà. Ó yára yọ okùn etí, ó da fóònù rẹ̀ dojú dé orí tábìlì, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Bóyá ẹ̀rín ló ń gbọ̀n ọ́n ni o, bóyá ẹkún ni, òun pàápàá kò lè sọ.

Ọ̀gbẹ́ni Micah tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ẹ̀kọ́ Bíbélì gbójú sókè nídìí ẹ̀pà tó ń jẹ. “Màdáàmù, ṣé àlùbọ́sà ló tún wọ́n ni?”

“Kì í ṣe ti ọjà, sà. Fíìmù ni mò ń wò.”

“Fíìmù àlùbọ́sà?”

“Ẹ fi mí sílẹ̀, sà. Ọ̀rọ̀ náà gùn.”

Ó gùn lóòótọ́. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí baba rẹ̀, Bàbá Bàrúwà, mú kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan bọ̀ láti Àjàṣẹ́. Awakọ̀ ni Bàbá nígbà náà, awakọ̀ ló sì jẹ́ títí ìjọba fi ti bọ́dà pa. Láti Ìlaròó dé Ìdìrókò, láti Ìdìrókò wọ Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kò sí kòtò tí kò mọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Mùsíyọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bí àwọn ará ọ̀hún ṣe ń pe ọ̀gá, nítorí wọ́n gbà pé ó ń gbọ́ Faransé bí ẹni mumi. Èdè Faransé ni wọ́n sì ń sọ nínú fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Toyibat jẹ́ ọmọ ọdún méje, Husain ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá. Àwọn méjèèjì á jókòó sórí ẹní, Bàbá á jókòó sí etí àga lẹ́yìn wọn. Bí wọ́n bá ti ń sọ ọ́ nínú tẹlifíṣọ̀n ni Bàbá ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá.

Ọmọbìnrin kan ló ń gbé nísàlẹ̀ òkè pẹ̀lú ìyá àgbà rẹ̀. Ẹṣin funfun kan tó ní ìyẹ́ máa ń wá mumi nídìí kànga wọn. Bàbá ní Àtàmúwá ni orúkọ ẹṣin náà, nítorí bí ọmọ náà ti máa ń pè é nìyẹn tó bá ń sáré tẹ̀lé e: “Àtàmúwá! Àtàmúwá!” Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ kò le, pé ẹni tó bá létí á gbọ́ ọ: a tà á, ó mú ara rẹ̀ wá. Ọkọ ìyá ọmọ náà ló ń tà á fún ọba òdìkejì odò, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì tà á ló ń já okùn, tó ń fò padà wálé. Àwọn ọkùnrin onífìlà gogoro tó ń rìn kiri inú igbó, kọ́sítọ́ọ̀mù ni wọ́n. Níparí, ẹṣin náà á fò wọnú ìkùukùu, ọmọ náà á máa sáré, á máa pè é, ojú tẹlifíṣọ̀n á sì ṣókùnkùn. Bí Toyibat bá bú sẹ́kún, Bàbá á ní, “Kí lò ń sunkún sí? Ó padà. Ọjọ́ kejì ló dé. Tépù ló tán tí wọn ò fi rí i gbà sílẹ̀.”

Ṣùgbọ́n ibi tó wọ Toyibat lára jù ni ibi tí ìyá àgbà ti fa ọmọ náà mọ́ra nídìí ààrò, tó ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ́ títí. Bàbá á rẹ ohùn sílẹ̀ níbẹ̀. “Ìyá àgbà ní, ọmọ mi, ogún tí mo ní fún ọ kò pọ̀. Kọ́ èdè. Ẹni tó gbọ́ èdè méjì, ilé méjì ló ní. Bí wọ́n bá ti ọ̀kan mọ́ ọn, á wọ èkejì.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló ti Toyibat dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun ló fi kọ́ Faransé, òun ló fi di Màdáàmù nílé ẹ̀kọ́ girama kan lójú ọ̀nà Ayétòrò. Ẹ̀rọ ti jẹ kásẹ́ẹ̀tì náà láti ìgbà èwe wọn, kò sì fojú kan fíìmù náà mọ́ títí di ọ̀sán yìí, tó rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó sì fi etí àgbàlagbà gbọ́ ọ.

Ọbẹ̀ àlùbọ́sà ni ìyá àgbà ń kọ́ ọmọ náà ní sísè. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí ó má jẹ́ kí àlùbọ́sà jóná, kí ó rọra máa rò ó, kí ó má da iyọ̀ sí i jù. Àwọn onífìlà gogoro kì í ṣe kọ́sítọ́ọ̀mù rárá, àlejò ìgbéyàwó tó ṣìnà ni wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò ta ẹṣin, ọkọ ìyá kankan kò sì sí níbẹ̀. Àtàmúwá kì í sì í ṣe orúkọ. “Attends-moi” ni ọmọ náà ń ké. Dúró dè mí.

Bàbá kò gbọ́ Faransé. Kò gbọ́ ọ rí. Nígbà tí Toyibat sì rò ó dáadáa, ta ni ì bá bá a sọ ọ́? Yorùbá àti Ẹ̀gùn ni gbogbo èrò ibùdókọ̀ Àjàṣẹ́ ń sọ. “Bọ́ńjù” ni Bàbá fi ń kí sàńdáàmù, àwọn ọlọ́pàá ọ̀hún, tí wọ́n bá na okùn dí ọ̀nà, “mẹ̀sí” ló fi ń kọjá tí wọ́n bá sọ okùn sílẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ méjì yìí ló kọ́ orúkọ Mùsíyọ̀ lé fún ogójì ọdún.

Inú kọ́kọ́ bí Toyibat. Ẹ wo ẹni tí wọ́n á sọ fún pé ọbẹ̀ àlùbọ́sà ló sọ ọ́ di tíṣà, tí inú kò ní bí i. Nígbà tó yá, àánú Bàbá ṣe é, nítorí ó rántí ìdí tí òun fi ń wá fíìmù náà.

Láti oṣù kẹjọ tí wọ́n ti ti bọ́dà, abẹ́ igi àgbálùmọ̀ iwájú ilé ni Pijó Bàbá wà. Ní àràárọ̀ tí Toyibat bá yà láti gbé ẹ̀kọ àti àkàrà fún un kí ó tó lọ síléèwé, á bá a níbẹ̀ tó ń fi àkísà nu gíláàsì mọ́tò tí kò lọ síbi kankan. Tó bá nù ún tán, á jókòó tì í. Kò jẹun bí ẹni ń jẹun mọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jà mọ́ pẹ̀lú, ìyẹn gan-an ló ń ba Toyibat lẹ́rù, nítorí láti ọjọ́ tó ti mọ baba rẹ̀, ìjà ẹnu ni oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀.

Ó ti gbìyànjú lọ́jọ́ kan. Ó ní, “Bàbá, ọ̀nà Ayétòrò wà. Èrò pọ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ni àwọn ọmọ iléèwé mi fi ń rìn.”

“Ọ̀nà oko yẹn?” ni Bàbá wí. “Èmi tí sàńdáàmù ń kí, kí n wá máa gbé pákí láti Jóga? Kí wọ́n ṣí bọ́dà ná.”

Wọn kò ṣí bọ́dà. Husain wá pè láti Èkó pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wá mú Bàbá lọ sọ́dọ̀ òun pátápátá, kí wọ́n ta Pijó náà. Ìdáhùn Bàbá ni kò jẹ́ kí Toyibat sùn dáadáa mọ́. Bàbá ní, “Ibi tí ẹ bá ní kí n lọ náà ni n ó lọ.” Bàbá Bàrúwà tí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni júwe ọ̀nà fún un! Toyibat mọ̀ lọ́kàn rẹ̀ pé bí wọ́n bá gbé e lọ jókòó sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì l’Ékòó, tó ń wo òrùlé onílé, kò ní pẹ́ láyé.

“Bá mi wá fíìmù ẹṣin yẹn,” Husain ti sọ fún un. “Ká jọ wò ó ká tó gbéra. Kí Bàbá rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan.”

Ó ti rí i báyìí. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sì hàn sí i kedere: Husain á ní kí òun tó kàwé túmọ̀ rẹ̀. Bọ́dà ti gba ọ̀nà lọ́wọ́ Bàbá, Husain fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé òun ni yóò wá gba Faransé lọ́wọ́ rẹ̀?

Lọ́jọ́ Sátidé, Husain dé pẹ̀lú Àrìnpé, ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́jọ. Báàgì Bàbá ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Husain so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó sì jókòó lé e pẹ̀lú Àrìnpé bó ṣe tóbi tó. Bàbá fẹ̀yìn ti àga, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ẹṣin funfun náà ń bọ̀ láti orí òkè. Toyibat ti rí i lórí fóònù pé ìyẹ́ aṣọ ni wọ́n rán mọ́ ọn lára, okùn tó gbé e sókè sì ń hàn fírífírí. Síbẹ̀ àyà rẹ̀ já bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún méje.

“Ó yá, Tíṣà,” ni Husain wí. “Túmọ̀ fún wa. Ìwọ lo gba ìwé ẹ̀rí lórí ẹ̀.”

Toyibat rí i tí Bàbá fa fìlà rẹ̀ síwájú, bí ẹni pé oòrùn ń pa á lójú nínú ilé. Ó yé e pé Bàbá ti ń retí ọjọ́ yìí láti ìgbà tí òun ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì.

“Èmi kẹ̀? Níbi tí Mùsíyọ̀ jókòó sí?” ni Toyibat dáhùn. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí n ṣàṣejù. Faransé inú ìwé ni tèmi. Bàbá ló ni Faransé ojú ọ̀nà.”

“Ó ti pẹ́,” Bàbá ráhùn. “N ò rántí mọ́.”

“Ẹ bẹ̀rẹ̀ ná, Bàbá. Á máa wá fúnra rẹ̀.”

Bàbá wò ó fìrí, ó sì gbójú kúrò. Ó wúkọ́. Ó ní, “Ọmọ yẹn... ọmọ yẹn ní, ìyá àgbà, ẹ wá wo ẹṣin nídìí kànga wa.” Ó dúró. Àrìnpé ti sún mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. “Ìyá àgbà ní, má fọwọ́ kàn án o, ẹṣin tó níyẹ̀ẹ́ báyìí, ó ní olówó rẹ̀.” Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Ọkọ ìyá dé, ọba òdìkejì odò dé. Nígbà tí àwọn onífìlà gogoro yọ, Bàbá ti wà ní etí àga.

“Kọ́sítọ́ọ̀mù rè é!” ló kígbe. “Ẹ wò wọ́n! Wọ́n ní kí ẹṣin gbé ìyẹ́ sókè, bóyá ìrẹsì ni wọ́n kó sábẹ́ ẹ̀.”

Husain rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀. Ti ìrẹsì yìí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, títì tí wọ́n ti bọ́dà ni Bàbá fi kún un.

Wọ́n dé ìdí ààrò. Ìyá àgbà fa ọmọ náà mọ́ra. Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀ bíi ti àtijọ́. “Ìyá àgbà ní, kọ́ èdè, ọmọ mi. Ẹni tó gbọ́ èdè méjì, ilé méjì ló ní. Bí wọ́n bá ti ọ̀kan mọ́ ọn...” Ó dákẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó ti ń sọ látọjọ́ yìí. “Á wọ èkejì.” Toyibat ń wo ìkòkò ọbẹ̀ náà, omi sì ń dà lójú rẹ̀ bí ẹni pé òun ni wọ́n ní kó gé àlùbọ́sà rẹ̀.

Ẹṣin náà na ìyẹ́. Ọmọ náà sáré jáde. “Attends-moi! Attends-moi!”

“Ó ń pe orúkọ rẹ̀ nìyẹn,” ni Bàbá wí. “Àtàmúwá. A tà á, ó...”

“Bàbá àgbà, kì í ṣe orúkọ!” Àrìnpé ti dìde dúró. “Màdáàmù Faransé wa máa ń pariwo ‘Attendez!’ tí a bá ń sáré lọ jẹun. Ó ní dúró ló túmọ̀ sí.”

Husain dá fíìmù dúró. Ó wo Bàbá, ó wo Toyibat. “Tíṣà, èwo ni ká gbà báyìí?”

Ọwọ́ tí Bàbá nà sí tẹlifíṣọ̀n kò tíì sọ̀kalẹ̀. Ojú rẹ̀ ti fẹ́ máa padà sílẹ̀, níbi tó ti wà láti oṣù kẹjọ.

“Òótọ́ ni Àrìnpé sọ,” ni Toyibat wí. Ó rọra ń sọ ọ́, nítorí kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń gbé òun lọ. “Òótọ́ sì ni Bàbá sọ. Dúró-dè-mí ni ìtumọ̀ rẹ̀, òun náà sì ni orúkọ ẹṣin náà. Àrìnpé, ṣé o mọ ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ Dúrósinmí?”

“Ó wà ní kíláàsì wa.”

“Àwọn òbí rẹ̀ ò fẹ́ kó lọ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ń jẹ́ Málọmọ́. Ẹni tí a ò bá fẹ́ kó lọ, a máa ń fi orúkọ bẹ̀ ẹ́. Bí ọmọ yìí náà ṣe sọ ẹṣin rẹ̀ nìyẹn.”

“Hẹ̀ẹ́,” ni Àrìnpé wí, ó sì jókòó. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Bàbá ń wo Toyibat bí awakọ̀ ṣe ń wo ẹni tó bá a ti mọ́tò jáde nínú ẹrẹ̀. Husain sọ fíìmù sílẹ̀. Ẹṣin náà wọnú ìkùukùu, ojú tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn, ẹnu Àrìnpé sì ti ń gbọ̀n.

“Ṣé ó padà, Bàbá àgbà?”

Toyibat ń retí tépù tó tán. Ṣùgbọ́n Bàbá fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀.

“Ó padà,” ló wí. “Ṣùgbọ́n kò gba ọ̀nà tó gbà lọ. Wọ́n ti ti ìyẹn pa. Ẹ̀yìn òkè ló gbà bọ̀.”

Husain gbé báàgì, ó ní òun fẹ́ lọ tò ó sínú mọ́tò, Àrìnpé sì tẹ̀lé e. Ó ku Bàbá àti Toyibat.

“Dúró dè mí,” ni Bàbá wí jẹ́ẹ́. “Ṣé ohun tó ń wí gan-an nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ìyá àgbà ńkọ́? Kí ni tiẹ̀?”

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.”

“Sọ ọ́.”

“Ọbẹ̀ àlùbọ́sà ló ń kọ́ ọ.”

Bàbá tẹjú mọ́ ọn. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti èjìká rẹ̀, ó gun ọrùn, ó sì bú jáde. Ó rín in títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. “Àlùbọ́sà! Mo rí ìkòkò yẹn o! Mo rò pé àgbo ni!” Toyibat kò gbọ́ ẹ̀rín yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ti ọ̀nà, inú rẹ̀ sì dùn débi pé òun náà bá a rín in.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ pé ẹ ò gbọ́ ọ?”

“Ẹ̀yin méjèèjì lanu sílẹ̀, ẹ ń wò mí. Ta lọmọ á máa wò bẹ́ẹ̀ tí á ní òun ò mọ̀?” Bàbá nu ojú rẹ̀. “Ẹṣin yẹn ò padà, àbí?”

“Kò padà, Bàbá.”

“Mo mọ̀. Ìyẹn ò gba Faransé, ó hàn lójú ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ìdájí ni mo máa ń jáde, tí ìwọ á gun àpótí, tí wàá máa wò mí lójú fèrèsé. Ìlú onílùú sì ni mò ń lọ. Ṣé kí n wá sọ fún ọ pé ohun tó bá lọ kì í bọ̀?”

Toyibat gbé fìlà nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó sì fi lé Bàbá lórí. “Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ ni mo kọ́, Bàbá. Èmi ò tíì se ọbẹ̀ àlùbọ́sà rí.”

Husain padà wọlé. “Bàbá, ó yá o. Ká má bá oòrùn lọ́nà.”

“Lọ gbé báàgì mi wá.”

“Bàbá?”

“Ṣé Faransé ni mo sọ ni? Mo ní gbé báàgì mi wọlé.”

“Kí ni ẹ fẹ́ máa ṣe níbí? Bọ́dà ò tíì ṣí.”

“Ṣé bọ́dà ló bí mi? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Tàbí ìwọ Husain lo fẹ́ máa júwe ọ̀nà fún mi báyìí?” Ohùn Bàbá ti ga. “Pijó tí o fẹ́ tà yẹn ló rán ẹ níléèwé. Tó o bá tún dárúkọ ká tà á, èmi àti ìwọ ni!”

Husain yíjú sí Toyibat kó bá òun bẹ̀ ẹ́. Toyibat ń rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ìjà ti padà sẹ́nu Bàbá, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó gbé ẹ̀kọ dé abẹ́ igi àgbálùmọ̀, kò bá ẹnikẹ́ni. Àmì táyà nìkan ló wà nínú eruku. Ó gbé ẹ̀kọ náà sí ojú fèrèsé, ó sì forí lé títì láti lọ wá ọ̀kadà. Kò tíì rìn jìnnà tí fèrè mọ́tò fi dún lẹ́yìn rẹ̀, tí ohùn kan sì tẹ̀lé e.

“Àtàmúwá!”

Bàbá ló yọrí lójú fèrèsé Pijó, tó wọ fìlà tó dára jù nínú àwọn fìlà rẹ̀. Láti ilé epo ló ti ń bọ̀, ibi tó ti tò pẹ̀lú àwọn ọlọ́kadà.

“Ṣé mo pè é dáadáa, Tíṣà?”

“Ẹ pè é dáadáa, Mùsíyọ̀.”

“Wọlé. Ṣùgbọ́n mo ń sọ fún ẹ láti ìsinsìnyí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ da omi pákí sórí ìjókòó mi.”

Toyibat jókòó síwájú. Bàbá kò wo ọ̀nà Ìdìrókò nígbà tí wọ́n dé oríta, ó yí sí ọ̀nà Ayétòrò, ó ń ṣàròyé sí gbogbo kòtò tó bá pàdé, nítorí kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Nígbà tí wọ́n jáde nílùú, àwọn ọmọ iléèwé kan ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Wọ́n rí Màdáàmù wọn nínú mọ́tò tó ń kọjá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tẹ̀lé e pẹ̀lú báàgì léjìká.

“Bàbá, ẹ dúró dè wá!” ni wọ́n ń ké. “Ẹ dúró dè wá!”

Bàbá tẹ bíréèkì, ó sì dúró dè wọ́n.